Asẹ́ Ẹ̀jẹ̀ àti Àrùn Ẹran Ọkàn

Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ń wú, tí kò sì lè gun òkè mọ́ láìmí hẹlẹ, kì í pẹ́ kí ará ilé rẹ̀ ní Adó-Èkìtì tó wí pé ọ̀tá ni ó fi nǹkan ṣe é. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ẹran ọkàn rẹ̀ ni ó ti fẹ̀ jù, tí kò sì lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2012, lórí aláìsàn 1,006 tí iṣẹ́ ọkàn wọn ti dínkù, ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, ọjọ́ orí àwọn aláìsàn náà kò ju nǹkan bí ọdún 52 lọ ní ìpíndọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì ni olórí ohun tí ó fà á.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Ẹ̀jẹ̀ wa ní àwọn ọmọ-ogun tí ń bá àrùn jà, tí Òyìnbó ń pè ní antibody. Nígbà mìíràn wọ́n a ṣi ilé mọ̀. Àwọn kan nínú wọn a lẹ̀ mọ́ ibi tí ọkàn ti ń gba àṣẹ pé kí ó sáré, wọn a sì máa nà án bí ẹni ń na ẹṣin tí ó ti rẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mú wọn kúrò? Ẹ rántí ọ̀nà tí àwọn ìyá wa fi ń sẹ́ ògì. Ẹ̀rọ a gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, a ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀, a sì tú omi náà gba inú ọ̀pá tí ń mú antibody dúró. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ yóò padà sí ara. Nítorí pé àwọn ọmọ-ogun rere pẹ̀lú a máa bá a lọ, a sábà máa ń fi ti ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ní ìlú Berlin ní Jámánì, a fi aláìsàn 17 tí a ṣe é fún wé 17 tí a kò ṣe é fún. Ìjábọ̀ ọdún 2000 sọ pé lẹ́yìn ọdún kan, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn àwọn ti ìṣáájú ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan lọ láti nǹkan bí 22 sí 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti àwọn yòókù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà.

Aláìsàn 34 kéré. Ìtọ́jú yìí kò sì tíì di ti gbogbo ayé. Owó rẹ̀ pọ̀, kì í sì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú fífọ ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn kíndìnrín. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ni kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí a lo oògùn rẹ̀ déédéé, kí a sì tètè gbé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú lọ sí ilé-ìwòsàn, kí a tó máa wá ọ̀tá kiri àdúgbò.