Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Palermo tó tú ìjọba Charles ará Anjou ká

Agogo ìsìn ìrọ̀lẹ́ ló ń dún lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ̀mí Mímọ́, lẹ́yìn odi ìlú Palermo ní erékùṣù Sísílì, nígbà tí ọ̀rọ̀ di bóò lọ o yà fún mi. Ọjọ́ kejì ọdún Àjíǹde ni, ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ọdún 1282. Àwọn ará ìlú ti jáde wá ṣe fàájì níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. Àfi bí àwọn ṣọ́jà Faransé kan tó ti mutí yó ṣe já sí àárín wọn. Ìtàn sọ pé ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Drouet fa obìnrin kan jáde láàárín èrò, ó ń fọwọ́ pa á lára, bẹ́ẹ̀ ọkọ obìnrin ọ̀hún wà níbẹ̀. Ọkọ kò sọ̀rọ̀ méjì, ọ̀bẹ ló fà yọ. Kí àwọn Faransé tó kù tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ariwo ti gba gbogbo ìta pé kí wọ́n pa àwọn Faransé. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nǹkan bí 2,000 Faransé ló ti kú ní Palermo, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe ìjà ọlọ́tí lásán lẹ kà tán yìí o. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìjọba tí ọkùnrin kan ti ń kó jọ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Charles ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọba Faransé ni, Charles ará Anjou ni gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n sí. Lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ yẹn jáde, òun ni ọba Sísílì àti gbogbo gúúsù Ítálì. Òun ló ni Anjou àti Provence. Òun ni ọba Albania. Òun ló ń darí ìlú Róòmù gẹ́gẹ́ bíi Sẹ́nétọ̀. Ó tún ń pe ara rẹ̀ ní ọba Jerúsálẹ́mù. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ogun rẹ̀ sì ti wà ní èbúté Messina tí wọ́n ń múra àtilọ gba Constantinople, olú-ìlú àwọn Gíríìkì.

Báwo ni ẹnì kan ṣe ń ní tó bẹ́ẹ̀? Àbíkẹ́yìn ni Charles. Bàbá rẹ̀, Ọba Louis Kẹjọ, kú lóṣù kọkànlá ọdún 1226, nígbà tí ọmọ náà kò ju ìkókó lọ. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé inú oyún ló ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Louis Kẹsàn-án, ẹni tí ìjọ Kátólíìkì sọ di ẹni mímọ́ lọ́dún 1297, ló gorí oyè. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ àbíkẹ́yìn ṣe máa ń rí nílé ọlọ́lá, ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n bá fi sílẹ̀ ni tirẹ̀.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ gbé e ga. Lọ́dún 1246, ó fẹ́ Beatrice, àbíkẹ́yìn nínú ọmọbìnrin mẹ́rin tí olórí Provence bí. Bàbá wọn ti kú, Beatrice ló sì pín gbogbo ilẹ̀ náà fún. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n di ayaba: ọ̀kan fẹ́ ọba Faransé, ọ̀kan fẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kẹta fẹ́ àbúrò ọba Gẹ̀ẹ́sì tó padà di ọba àwọn ará Jámánì. Beatrice nìkan ni kò dé adé. Àwọn òpìtàn ayé ijọ́un ní inú ń bí i pé àga àwọn ẹ̀gbọ́n òun ga ju ti òun lọ níbi àpèjẹ, ni ọkọ rẹ̀ bá ṣèlérí pé òun yóò fi í jẹ ayaba. Ó dé adé náà lóòótọ́ lọ́dún 1266, ṣùgbọ́n kò tó ọdún méjì tó fi dé e tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ìtàn kékeré kan tún wà tó fi ìwà Charles hàn mí ju gbogbo ogun tó jà lọ. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ jagun ẹ̀sìn ní Íjíbítì, ogun ṣẹ́ wọn, àwọn Mùsùlùmí mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ́dún 1250, wọ́n sì fi owó gọbọi ra ara wọn jáde. Arákùnrin wọn kan, Robert, ti kú sójú ogun. Inú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí Acre ni Louis ti ń ṣọ̀fọ̀, ló bá bi wọ́n pé Charles dà. Wọ́n ní tẹ́tẹ́ ló ń ta. Ọba gbéra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá, ó lọ bá a níbi tó jókòó sí, ó sì kó ọpọ́n àti ohun tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ náà dà sínú òkun. Joinville tó kọ ìtàn yìí sílẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà jáde lọ́wọ́ ọ̀tá, tí arákùnrin rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó ti tún jókòó ti tẹ́tẹ́! Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Tẹ́tẹ́ tó tóbi jù dé bá a láti Róòmù. Olú-ọba Frederick Kejì tó ni Sísílì kú lọ́dún 1250. Àwọn Póòpù kò fẹ́ rí ìdílé rẹ̀ sójú, wọ́n sì ní ilẹ̀ àwọn ni ìjọba Sísílì, àwọn làwọn yóò yan ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Manfred, ọmọ tí Frederick bí síta, ti gba adé ní Palermo lọ́dún 1258. Ni wọ́n bá ń gbé adé orí ẹni tó wà láàyè kiri bí ọjà. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, owó rẹ̀ kò ká a. Póòpù Urban Kẹrin, ọmọ Faransé tí bàbá rẹ̀ ń rán bàtà, ló yíjú sí Charles, Clement Kẹrin, ọmọ Faransé mìíràn, ló sì parí àdéhùn náà lọ́dún 1265. Charles yóò máa san 8,000 ìwọ̀n góòlù lọ́dọọdún fún Póòpù, yóò sì fi owó ara rẹ̀ jagun. Owó ara rẹ̀ kẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn oníbáǹkì Tuscany ló ti lọ yá a.

Lọ́jọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1266, wọ́n pàdé ní Benevento. Wọ́n pa Manfred sójú ogun. Nítorí pé Póòpù ti yọ ọ́ kúrò nínú ìjọ, wọn kò lè sin ín sí ilẹ̀ mímọ́. Ẹ̀bá afárá ni wọ́n gbé e sí, àwọn ọmọ ogun Charles sì ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń ju òkúta kan sórí sàréè náà títí ó fi di òkìtì. Ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ kéékèèké wọ ẹ̀wọ̀n. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan, Constance, bọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé ó ti wà nílé ọkọ: ó ti fẹ́ Peter, àrólé ọba Aragon, ní apá ibi tí à ń pè ní Spéènì lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Constance yìí sọ́kàn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọmọ-ọmọ Frederick tó ń jẹ́ Conradin kó ogun láti Jámánì wá gba ohun bàbá rẹ̀. Charles ṣẹ́gun rẹ̀ ní Tagliacozzo, ó sì bẹ́ ọmọ náà lórí ní gbangba ọjà Naples lóṣù kẹwàá ọdún 1268. Ọmọ ọdún 16 ni. Kódà àwọn tó fẹ́ràn Charles kò lè gbà á mọ́ra.

Láti ìgbà yẹn ni Charles kò ti mọ̀ pé òun yó mọ́. Lọ́dún 1267, ó ti bá olú-ọba tí wọ́n lé kúrò ní Constantinople mulẹ̀ pé òun yóò bá a gba ìlú náà padà lọ́wọ́ Michael Kẹjọ Palaiologos, Gíríìkì tó gbà á lọ́dún 1261. Lọ́dún 1270, ó bá Louis lọ sógun Tunis, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú síbẹ̀, òun sì bá ọba Tunis ṣe àdéhùn owó. Ìjì wá fọ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ní Trapani nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ìyẹn kò kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ó di ọba Albania lọ́dún 1272. Lọ́dún 1277, ó ra oyè ọba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary ará Antioch, bẹ́ẹ̀ ìlú Jerúsálẹ́mù fúnra rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí láti ọdún 1244. Acre àti etíkun díẹ̀ ló kù. Ẹ gbọ́, ta ló ń ra ilé tí ẹlòmíràn ń gbé?

Kí a má parọ́ mọ́ ọn, Charles kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í sùn púpọ̀, ó sì máa ń fẹ́ mọ ibi tí gbogbo kọ́bọ̀ gbà. Ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba rẹ̀ wà ní Naples títí di ọdún 1943 tí àwọn ṣọ́jà Jámánì fi dáná sun wọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ogun wọ̀nyí ń jẹ owó, àpò àwọn ará Sísílì ló sì ti ń mú un. Owó orí kan wà tó jẹ́ pé ìgbà ìṣòro nìkan ni àwọn ọba àtijọ́ ń gbà á. "Ìrànlọ́wọ́" ni wọ́n tilẹ̀ ń pè é. Frederick ti sọ ọ́ di ọdọọdún. Nígbà tí Charles ń gba adé, àdéhùn òun àti Póòpù ni pé àwọn ará ìlú yóò padà sí ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láyé Ọba William Kejì, kí owó orí tó di ẹrù. Adé dórí tán, ọ̀rọ̀ yí padà, ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti gbè sẹ́yìn Conradin, wọ́n pín in fún àwọn Faransé. Palermo tó jẹ́ ìlú ọba tẹ́lẹ̀ di ẹ̀yìn odi, Naples ni ọba ń gbé, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé erékùṣù náà rí yàtọ̀ sí ìgbà tó ń lọ sí Tunis tó sì ń bọ̀. Kí ló kan àgbẹ̀ Sísílì pẹ̀lú Constantinople?

Michael ní Constantinople náà kò sùn. Ó mọ̀ pé agbára ogun òun kò tó ti Charles, ló bá lo ọgbọ́n. Lọ́dún 1274, ó gbà níwájú ìpàdé ìjọ ní Lyon pé ìjọ Gíríìkì yóò wá sábẹ́ Póòpù, èyí tó mú kí Róòmù dá Charles dúró. Àwọn èèyàn rẹ̀ bínú sí i gidigidi, ṣùgbọ́n ó rí àyè mí. Lọ́dún 1281 ni Faransé mìíràn, Martin Kẹrin, di Póòpù, òun sì ni Charles ń tì síhìn-ín tì sọ́hùn-ún. Ó yọ Michael kúrò nínú ìjọ, Charles àti Venice sì fọwọ́ sí ìwé ní Orvieto lóṣù keje pé oṣù kẹrin ọdún 1283 ni àwọn yóò gbéra.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní Aragon, Peter ti jọba, Constance sì ń pe ara rẹ̀ ní ayaba Sísílì. John ará Procida, oníṣègùn tó sin Frederick àti Manfred, ti di akọ̀wé àgbà Peter. Àwọn onítàn ṣì ń jiyàn títí dòní bóyá òun àti góòlù Michael ni wọ́n dá iná náà, tàbí ìyà ló sú àwọn ará ìlú. Michael fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ òun ni Ọlọ́run lò láti dá àwọn ará Sísílì sílẹ̀. Lójú tèmi, góòlù lè ra ìkọ̀kọ̀, kò lè ra ọ̀bẹ ọkùnrin tí wọ́n fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀.

Ká padà sí Palermo. Ìtàn ní tí ọwọ́ bá tẹ ẹnì kan tí wọ́n fura sí, wọ́n á ní kó pe "ciciri", orúkọ ẹ̀wà kan tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ahọ́n Faransé kò lè yí i, ẹni tí kò bá lè pè é dáadáa, ó parí. Ìlú kan ń gba iná lọ́wọ́ ìlú kejì, títí Messina náà fi dìde lọ́jọ́ 28 oṣù kẹrin. Àwọn ọkọ̀ tó fẹ́ lọ sí Constantinople, èbúté ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti sun wọ́n.

Àwọn ará ìlú kò kọ́kọ́ wá ọba. Wọ́n ránṣẹ́ sí Póòpù pé kó gba ìlú àwọn sábẹ́ ìjọ, kí kálukú máa ṣàkóso ara rẹ̀. Martin kọ̀, ó tún gégùn-ún lé wọn lórí. Ìgbà yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ sí Peter, tó ti kó ọkọ̀ rẹ̀ dúró sí etíkun Áfíríkà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó gúnlẹ̀ sí Trapani lọ́jọ́ 30 oṣù kẹjọ. Charles ti dó ti Messina, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò gbà fún un, àwọn obìnrin ń ru òkúta gun odi. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án yóò fi parí, ó ti sọdá padà sí Ítálì.

Ó wá ku ohun ẹ̀rín kan. Àwọn ọba méjèèjì fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn jà á tán lójúkojú ní Bordeaux, lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 1283, kálukú pẹ̀lú 100 ọmọ ogun. Wọ́n dá ọjọ́, wọn kò dá wákàtí. Peter dé ní àárọ̀, kò rí ẹnikẹ́ni, ó ní òun ti borí, ó bá tirẹ̀ lọ. Charles dé lẹ́yìn tó ti lọ, òun náà kò rí ẹnikẹ́ni, ó ní òun ti borí.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Lóṣù kẹfà ọdún 1284, Roger ará Lauria, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Aragon, tan àrólé Charles jáde sójú omi Naples, ó sì mú un láàyè. Wọ́n gbé e lọ sí Sísílì. Àwọn èrò ń pariwo pé kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí bí bàbá rẹ̀ ti bẹ́ Conradin. Ìtàn ní Constance ló kọ̀, ìyẹn ọmọ ọkùnrin tí wọ́n ju òkúta lé lórí ní ẹ̀bá afárá Benevento.

Charles kú ní Foggia lọ́jọ́ 7 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1285, àrólé rẹ̀ ṣì wà ní àhámọ́, ọdún 1288 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ogun ọ̀hún kò parí títí di ọdún 1302, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí àlàáfíà ní Caltabellotta: àwọn ọmọ Charles mú Naples, Frederick, ọmọ Peter àti Constance, sì mú erékùṣù Sísílì.