'Eyes of Wakanda': Ìlù wo ló dún, ìtàn ta ló sọ?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ni iléeṣẹ́ Marvel gbé 'Eyes of Wakanda' jáde lórí Disney+. Fíìmù àwòrán yíyà alápá mẹ́rin ni. Ìpolówó rẹ̀ lọ láti fóònù dé fóònù, àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ kí fíìmù tó dé.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ wo 'Black Panther' lọ́dún 2018 mọ Wakanda: ìlú Áfíríkà kan tí kò sí lórí máàpù, tó ní irin àràmàǹdà tí wọ́n ń pè ní vibranium, tí ọkọ̀ wọn sì ń fò láìní ariwo. Àròsọ ni gbogbo rẹ̀.

Èyí padà sẹ́yìn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí Ọba T'Challa tó dé ayé ló fẹ́ sọ. Àwọn amí Wakanda ń rìn káàkiri ayé láti gba dúkìá ìlú wọn padà lọ́wọ́ àjèjì. Ọ̀rọ̀ yìí yé wa ní Benin. Ṣebí oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni Faransé tó dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí wọ́n kó ní ààfin Àgbómè padà fún wa.

Àríyànjiyàn lórí orin

Ludwig Göransson, ará Sweden, ló ṣe orin fíìmù àkọ́kọ́. Kó tó ṣe é, ó lọ sí Senegal, ó bá Baaba Maal rìn, ó sì gba ohùn ìlù sílẹ̀. Massamba Diop ló lu tama fún un, ìlù tó bá gángan wa tan. Ìlù náà ń pe orúkọ ọba, bí onílù wa ṣe ń ki èèyàn. Orin yẹn gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 2019.

Orin ti tuntun yìí, Hesham Nazih, ọmọ Íjíbítì, ló ṣe é. Ibẹ̀ ni ẹnu ò ti kò. Àwọn kan ní ìlù yẹn ni ohùn Wakanda, wọ́n ní bí kò bá dún mọ́, ìlú náà ti di ìlú mìíràn. Àwọn mìíràn ní Áfíríkà kọ́ ni Íjíbítì ni? Wọ́n ní Göransson gan-an, ṣé ọmọ ibí ni?

Lójú tiwa, ibi tí olórin ti wá kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá jókòó ti onílù, tó sì jẹ́ kí ìlù sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tirẹ̀ ná.

Èyí tó kan Kétu gan-an

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó wúwo ju orin lọ. Noni, ọ̀kan nínú àwọn akọni fíìmù tuntun yìí, ti jẹ́ Dora Milaje rí, ìyẹn àwọn obìnrin tó ń ṣọ́ ọba Wakanda. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ pé àwọn obìnrin ológun Dàhòmì wà lára àwọn tí wọ́n wò ṣe wọ́n. Àwọn yẹn kan náà ni ère ńlá tí wọ́n ṣí ní Kútọnu ní oṣù Keje ọdún 2022 dúró fún.

Orí àwọn ọ̀dọ́ ń wú sí èyí, a ò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n àgbà Kétu kan lè wò ó kó mi orí. Lọ́dún 1886, nígbà ayé Ọba Glèlè, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu. Wọ́n sun ìlú, wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ sí Àgbómè. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Àgbómè tán ni àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tún ìlú tẹ̀dó, ní nǹkan bí ọdún 1893 sí 1894.

Akọni ilé kan, ọ̀tá ilé kejì ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ẹ bi í léèrè pé ẹnu ta ló ti gbọ́ ọ.

Àwa náà ní ibi tí a ti ń sọ tiwa. Orin Ẹ̀fẹ̀ ń sọ ti àná àti ti òní lóru, láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sórí ère tipẹ́. Ọdún 2001 ni UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá rí fíìmù náà wò ó, kí àwọn ọmọ sì gbádùn rẹ̀. Tí wọ́n bá wò ó tán, ẹ mú wọn dé Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.