Jíìpù Oníná Mọ̀nàmọ́ná: Èló ni Ínṣúránsì Rẹ̀?

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìbéèrè kan kò kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa mọ́: ṣé ẹgbẹ́ lè yá àwọn lówó ra jíìpù tí kì í mu epo rárá, èyí tí wọ́n ń ṣáàjì bí ẹni ń ṣáàjì fóònù? Wọ́n á ti ṣírò owó ọkọ̀. Wọ́n á ti ṣírò owó epo tí wọ́n máa rí fi pamọ́. Ti ínṣúránsì ni wọn kì í ṣírò, ibẹ̀ gan-an sì ni owó ẹgbẹ́ ti lè wọmi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ là á yé ara wa. Ínṣúránsì, tí àwọn ìwé ìròyìn ń pè ní adójútòfò, jọ èsúsú, ó sì yàtọ̀ sí i. Nínú èsúsú, gbogbo wa là ń dá, gbogbo wa là ń kó. Nínú ínṣúránsì, gbogbo wa là ń dá, ẹni tí òfò bá ṣe nìkan ló ń kó. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe ọkọ̀ rẹ̀ títí ọdún fi yí po, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àwọn kan nínú wa ń pe èyí ní rẹ́jẹ. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí third party. Òfin rẹ̀ ti wà nílẹ̀ wa láti ọdún 1945, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM, tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ti sọ ọ́ di ₦15,000 lọ́dún fún ọkọ̀ ilé. ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Kò bèèrè bóyá epo ni ọkọ̀ ń mu tàbí iná. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 sì ni àwọn ọlọ́pàá ti ń bèèrè ìwé rẹ̀ lójú pópó, ni gbogbo ènìyàn wá ń sáré rà á. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n third party kò ní tún ọkọ̀ tiyín ṣe láé. Ẹni tí ẹ bá kọ lù ni ó wà fún.

Èkejì ni comprehensive. Òun ló ń tún ọkọ̀ tiyín ṣe, òun ló sì ń san owó rẹ̀ bí olè bá gbé e lọ tàbí tí iná bá jó o. NAICOM kan náà pàṣẹ ní 2023 pé ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba ohun tó kéré sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí a dá lé ọkọ̀, bó ti wù kí wọ́n ṣe ẹ̀dínwó tó.

Ibí ni jíìpù oníná ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Stallion fi Hyundai Kona oníná hàn ní Èkó. ₦24 mílíọ̀nù ni wọ́n pè é nígbà náà, kí náírà tó já wálẹ̀ bó ṣe já yìí. Ẹ mú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀: ₦1,200,000 fún ọdún kan. Ká ní jíìpù tòkunbọ̀ elépo tí ẹ ń wò jẹ́ ₦12 mílíọ̀nù, ₦600,000 ni tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, ₦50,000 ni lóṣooṣù. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó epo tí ẹ rò pé ẹ ó máa fi pamọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Iná náà kò sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Bátìrì Kona yẹn ń gba yúníìtì 64. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A sí ₦225 lórí yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦14,400 ni owó kíkún rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó sì jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ni yóò fi ṣáàjì tirẹ̀, ilé epo náà ló padà sí.

Iye tí a ra ọkọ̀ kọ́ nìkan ló ń gbé owó yìí sókè. Bátìrì ni ọ̀gá ọ̀rọ̀. Òun ló gbowó lórí jù nínú gbogbo ohun tó wà lára ọkọ̀ náà, abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n sì tẹ́ ẹ sí. Bí òkúta bá gbá a tó sì tẹ̀ wọnú, oníṣẹ́ tí kò lè yẹ inú rẹ̀ wò á ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pátá. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò á ṣírò, á rí i pé ó sàn kí òun ka odindi ọkọ̀ sí òfò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, Thatcham Research, tó ń ṣe ìwádìí fún àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, sọ ní 2023 pé owó àtúnṣe ọkọ̀ oníná fi bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ju ti elépo lọ, ó sì ń pẹ́ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ jù ú lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, John Lewis dáwọ́ ínṣúránsì ọkọ̀ oníná dúró fúngbà díẹ̀, torí pé Covéa, tó ń gbé ẹrù náà fún wọn, ń kọminú lórí owó àtúnṣe. Níbi tí ọ̀nà wọn ti dán nìyẹn o. Kí ni ká wá sọ nípa ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, tí kálukú wa mọ iye ihò tó ti já sí lórí rẹ̀?

Àwọn mẹkáníìkì wa ní Adó dáńgájíá, a ò fojú tín-ín-rín wọn. Ṣùgbọ́n iná tó wà nínú bátìrì yìí lè pa ènìyàn, kì í ṣe ohun tí à ń fi pílíásì dán wò. Nítorí náà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín: bí ọkọ̀ bá kú sí Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìyìn, ta ni yóò san owó gbígbé rẹ̀ lọ sí Èkó? Bí ẹ̀rọ ìṣáàjì tí ẹ gbé mọ́ ògiri ilé bá gbiná, ṣé ó wà nínú àdéhùn? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bátìrì tó kàn gbó fúnra rẹ̀, ínṣúránsì kì í san án. Gàráńtì ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló ń mójú tó ìyẹn, tòkunbọ̀ kì í sì í sábà ní i.

Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ènìyàn ń dá. Wọ́n á ra ọkọ̀ ní ₦24 mílíọ̀nù, wọ́n á sọ pé ₦12 mílíọ̀nù ni, kí owó ínṣúránsì lè kéré. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá jóná, ₦12 mílíọ̀nù tí wọ́n fẹnu ara wọn pè ni wọn ò lè rí jù. Àdéhùn mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí àtúnṣe bá ná ₦4 mílíọ̀nù, ₦2 mílíọ̀nù ni wọ́n máa san, torí pé ìdajì ọkọ̀ lẹ sanwó lé. Ẹni tí kò purọ́ náà lè bọ́ sí i: iye tó tọ́ lọ́dún 2022 kò tó mọ́ lónìí. Ẹ máa tún un dá lé lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wá dé. Bí jíìpù tí a fi owó ẹgbẹ́ rà bá jóná, gbèsè kì í jóná pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn onídùúró méjì tó fọwọ́ sí ìwé ni a ó lọ bá, bẹ́ẹ̀ wọn ò tilẹ̀ gun ọkọ̀ náà rí. Èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó ọkọ̀ tó tó báyìí láìjẹ́ pé comprehensive wà lórí rẹ̀ títí gbèsè yóò fi tán, kí orúkọ ẹgbẹ́ sì wà nínú ìwé àdéhùn náà, kí ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ sanwó lè kọ́kọ́ yọ ti ẹgbẹ́. A mọ̀ pé àwọn kan á bínú. Kí wọ́n bi àwọn onídùúró wọn léèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀rọ̀ olówó nìyí, ó kàn yín. Third party ọkọ̀ ilé kì í san ju ₦3 mílíọ̀nù lọ lórí dúkìá ẹni tí ẹ bá kọ lù. Ti ọ̀kadà, ₦3,000 lọ́dún, kì í kọjá ₦1 mílíọ̀nù. Bí ẹ bá ba jíìpù oníná ẹlòmíràn jẹ́ ní Òkèṣà, ohun tó bá lé, ọrùn yín ni. Ẹni tó sì ń fi ọkọ̀ ilé kó iṣu ẹlòmíràn gba owó, kó lọ sọ fún wọn kí wọ́n yí ìwé rẹ̀ padà, torí wọ́n lè kọ̀ láti sanwó.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó yóò jíròrò àbá wa yìí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé ínṣúránsì tí kò yé e, kó mú un wá fún akọ̀wé kó tó di ọjọ́ náà, kó sì mú nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ dání, kí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni.