Ètò Kan, Ẹ̀rọ Púpọ̀

Ẹja gbígbẹ tí a kó láti Ayétòrò lọ sí Àkúrẹ́ kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo dé ibẹ̀. Ojú omi ni yóò kọ́kọ́ gbà, nínú ọkọ̀ tí yóò máa kọjá láàárín àwọn ilé tí a fi òpó gbé ró sórí omi. Nígbà tí ó bá gúnlẹ̀ sí Igbókọ̀dá, níbi tí omi àti títì ti pàdé, a ó kó o sínú ọkọ̀ ilẹ̀. Ẹja náà kò yí padà. Ohun tí ó gbé e ni ó yí padà. Òǹtajà tí ó ni ẹja lè má mọ ọkọ̀ omi í tù, ó sì lè má mọ mọ́tò í wà. Ohun tí ó mọ̀ ni pé alábàárù wà ní etí omi, ẹni tí ó mọ bí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ níhìn-ín tí a sì ń dì í lọ́hùn-ún. Bí kò bá sí alábàárù, yóò di dandan fún òǹtajà náà láti kọ́ iṣẹ́ mẹ́ta kí ó tó lè ta agbọ̀n ẹja kan.

Irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó dojú kọ ẹni tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Ètò ni àwọn àṣẹ tí a tò tẹ̀lé ara wọn fún ẹ̀rọ láti ṣe. Ṣùgbọ́n ètò kì í sábà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ètò mìíràn wà láàárín wọn tí ó jẹ́ ọ̀gá, òun ni ó ń pín àyè àti àkókò fún gbogbo iṣẹ́. A lè pè é ní ètò-olùdarí. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Linux, bẹ́ẹ̀ sì ni macOS ti ilé-iṣẹ́ Apple. Olúkúlùkù wọn ni ó ní ìṣe tirẹ̀. Bí a bá ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì kan wà, àmì \ ni Windows fi ń ya orúkọ fódà kan kúrò lára èkejì, àmì / sì ni Linux ń lò. Nínú ìwé lásán, Windows a máa fi àmì méjì parí ìlà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Linux a sì máa fi ẹyọ kan parí tirẹ̀. Nọ́ńbà tí èdè C ń pè ní long gba bíìtì 64 lórí Linux tí ó wà lórí ẹ̀rọ oníbíìtì 64, ṣùgbọ́n bíìtì 32 péré ni ó gbà lórí Windows, bí ẹ̀rọ náà tilẹ̀ jẹ́ irú kan náà. Iye tí ó bá sì ju bílíọ̀nù méjì àti díẹ̀ lọ kò lè gba inú rẹ̀. Ìyàtọ̀ wọ̀nyí kéré lójú, ṣùgbọ́n ètò tí kò bá mọ̀ wọ́n yóò ṣi nǹkan kà.

Èdè C náà, tí Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1972, ti mú kí ó ṣeé ṣe láti kọ ètò kan lẹ́ẹ̀kan kí a sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n àwọn irinṣẹ́ tí ó bá èdè náà wá kò tó. Kò tilẹ̀ sí èyí tí a lè fi béèrè orúkọ àwọn fáìlì tí ó wà nínú fódà kan láàárín wọn.

Láti inú iṣẹ́ àwòrán ni ọ̀kan nínú àwọn ìrànlọ́wọ́ ti wá. Ní 1995, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì California ní Berkeley, Spencer Kimball àti Peter Mattis, bẹ̀rẹ̀ sí kọ GIMP, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe. Ohun èlò tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe bọ́tìnì àti fèrèsé ojú ẹ̀rọ, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Motif, kì í ṣe ọ̀fẹ́ nígbà náà, nítorí náà a kọ òmíràn, a sọ ọ́ ní GTK. Nígbà tí ó ṣe, ó hàn pé apá kan wà nínú GTK tí kò kan bọ́tìnì tàbí fèrèsé rárá: títo nǹkan lẹ́sẹẹsẹ, wíwá nǹkan nínú àkójọ, síso ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. A yọ apá náà sọ́tọ̀ kí ètò tí kò ní fèrèsé kankan lè lò ó pẹ̀lú, orúkọ rẹ̀ sì ni GLib. Láíbìrì ni àwọn olùkọ ètò ń pe irú àkójọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ti ìwé kíkà, ti irinṣẹ́ ni.

Àwọn ẹ̀rọ tí ń lo Unix àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ṣe é fún. Tor Lillqvist, ará ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé GIMP lọ sórí Windows ní 1997, kò sì lè gbé e láìgbé GLib. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ alábàárù ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Olùkọ ètò a máa pe g_dir_open láti ṣí fódà, a máa pe g_build_filename láti so orúkọ fódà mọ́ ti fáìlì, a sì máa kọ gint64 níbi tí ó bá fẹ́ nọ́ńbà oníbíìtì 64 níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò kọ. Lábẹ́lẹ̀, GLib yóò bá Windows sọ̀rọ̀ bí Windows ti ń fẹ́, yóò sì bá Linux sọ̀rọ̀ bí Linux ti ń fẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni láíbìrì yìí. Inkscape tí a fi ń ya àwòrán àti GStreamer tí ń gbé orin àti fídíò jáde wà lára àwọn tí ń lò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan etíkun Ìlàjẹ jù lọ ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ní 1947 ni a tẹ Ayétòrò dó sí ẹ̀bá òkun. Láti ọdún púpọ̀ wá ni òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ rẹ̀, tí ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ìwé tí a kọ orúkọ àwọn ìdílé sí lè pẹ́ láyé ju ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ. Bí akọ̀wé kan bá wá kọ orúkọ àwọn tí ilé wọn bọ́ sómi sínú kọ̀ǹpútà, tí ó lo Linux, tí ó sì fi orúkọ Yorùbá tí ó ní àmì sọ fáìlì náà, ǹjẹ́ yóò dé orí Windows ní Àkúrẹ́ láìfarapa? Lórí Linux, UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé tí Ken Thompson àti Rob Pike ṣe ní 1992, ni a sábà fi ń kọ orúkọ fáìlì. Ọ̀nà mìíràn, UTF-16, ni Windows ń lò. Ètò tí ó bá gba ọ̀nà àtijọ́ bá Windows sọ̀rọ̀ lè rí àmì ìbéèrè níbi tí ọ ti yẹ kí ó wà. GLib máa ń gba orúkọ náà ní UTF-8, òun fúnra rẹ̀ a sì yí i sí UTF-16, tí ọ yóò fi wà ní ọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo ayé, ní ẹyọ kan fún ọ, ó sì ní ẹyọ kan fún ó, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan fún ọ́. Nítorí náà, ẹnì kan lè kọ ọ kí ó fi àmì òkè lé e; ẹlòmíràn lè kọ ó kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i; ẹni kẹta lè kọ o lásán kí ó fi àmì méjèèjì kún un. Lójú ènìyàn, bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí akọ̀wé tí ó wà nínú ọkọ̀ bá ti kọ Adébọ́lá lọ́nà kan, tí ẹni tí ń pín ìrànlọ́wọ́ ní ọ́fíìsì sì ń wá Adébọ́lá lọ́nà mìíràn, ẹ̀rọ lè sọ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

GLib ní irinṣẹ́ fún èyí, tí a ń pè ní g_utf8_normalize, ṣùgbọ́n kì í lò ó fúnra rẹ̀. Alábàárù kì í tú ẹrù ẹlẹ́rù wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè sọ Windows di Linux: ohun tí ó wà lórí ọ̀kan nìkan kò sí lórí èkejì, ẹni tí ó bá sì dán ètò rẹ̀ wò lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò tí ì dán an wò. Windows kò tilẹ̀ bá GLib wá, nítorí náà ètò kékeré tí ó bá fẹ́ lò ó níbẹ̀ ní láti ru ú dání. Ṣùgbọ́n bí olùkọ ètò bá ti rántí láti fi g_utf8_normalize tún orúkọ tí a kọ sílẹ̀ ṣe, tí ó sì fi tún orúkọ tí a ń wá ṣe pẹ̀lú, Adébọ́lá ti inú ọkọ̀ àti Adébọ́lá ti ọ́fíìsì yóò di ọ̀kan náà lójú ẹ̀rọ, a ó sì rí ìdílé rẹ̀ nínú ìwé.