Orísun Ọ̀rọ̀ Àyálò 'Bọ́ọ̀sì'

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń ya fáwẹ́lì 'ì' tó parí 'bọ́ọ̀sì' sọ́tọ̀ bí ẹni pé mọ́fíìmù ni. A kò fara mọ́ èyí.

Ìkékúrú 'omnibus' ni 'bus' tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ọ̀rọ̀ Látìn ni, ó túmọ̀ sí 'fún gbogbo ènìyàn'. Àwọn Faransé ló kọ́kọ́ fi pe ọkọ̀ èrò. Ní 1829, George Shillibeer gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹṣin ń fà, dé Lọ́ńdọ̀nù. Nínú Látìn, 'omni-' ló ni ìtumọ̀ 'gbogbo'. Àfòmọ́ ìparí lásán ni '-bus'. Àṣé ìrù ni Gẹ̀ẹ́sì mú, tó sì ju orí nù!

Nígbà tí àwa náà yá a, a fi 'ì' kún un nítorí pé kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù Yorùbá. 'Ì' yìí kò ní ìtumọ̀ kankan. Mọ́fíìmù kan ṣoṣo ni 'bọ́ọ̀sì'. Ẹni tó bá pín in sí méjì kò yẹ fún máàkì.