Ta Ló Ń Tú Àṣírí Ẹni Tó Sá Pamọ́?

Nínú fíìmù amí, bí ẹnì kan bá ti kó àṣírí àwọn ọ̀gá rẹ̀ sá lọ fara pamọ́, ẹ̀rọ ló máa ń wá a rí: sátẹ́láìtì, kámẹ́rà ojú títì, tàbí ọ̀dọ́ kan tó jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Fíìmù bẹ́ẹ̀ dùn ún wò, irọ́ inú rẹ̀ ló pọ̀. Bí a bá yẹ àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ gidi wò, ojú èèyàn lásán ló sábà máa ń tú irú ẹni bẹ́ẹ̀ síta, òun náà ló sì máa ń yọ ọ́ nínú ewu. Ọ̀ràn Umaru Dikko ló fi èyí hàn wá jù.

Dikko kì í ṣe amí o. Mínísítà ètò ìrìnnà Nàìjíríà ni lábẹ́ Ààrẹ Shagari, òun náà ló ṣolórí ìgbìmọ̀ ìjọba lórí ìrẹsì, iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ológun gbàjọba ní 31 Oṣù Kejìlá 1983, ó yọ́ kúrò nílùú, ó sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìjọba ológun tí Buhari ṣolórí rẹ̀ ní ó kó owó ìlú jẹ. Òun ní irọ́ ni. Ní 5 Oṣù Keje 1984, bó ṣe jáde nílé ní Bayswater lọ́sàn-án, àwọn kan gbá a mú, wọ́n jù ú sínú ọkọ̀. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì: ọ̀gá ológun Nàìjíríà kan wà níbẹ̀, ọmọ Ísírẹ́lì mẹ́ta wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ dókítà olóògùn oorun. Wọ́n kun Dikko lóorun, wọ́n ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun kí èémí má bàa há, wọ́n gbé e sínú àpótí onígi, dókítà náà sì wọlé tì í. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì méjì yòókù wọ àpótí kejì. Ọkọ̀ òfuurufú Nigeria Airways ń dúró dè wọ́n ní Stansted.

Ohun tó bà á jẹ́ kò ju fèrèsé lọ. Akọ̀wé Dikko rí i láti inú ilé bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ, ó sì pe ọlọ́pàá. Ní Stansted, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan wo àwọn àpótí náà, ó rí i pé wọn kò ní àmì àti ìwé tí àdéhùn Vienna ti 1961 béèrè fún ẹrù aṣojú ìjọba. Wọ́n já àwọn àpótí náà. Ilé ẹjọ́ rán mẹ́rin nínú wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 14.

Ẹnì kan lè ní ayé àtijọ́ nìyẹn, pé lónìí tí wọ́n ti so nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN mọ́ síìmù, ta ló tún nílò aládùúgbò? Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí fóònù wà ni fóònù ń sọ, ẹni tó ń sá sì lè jù ú nù. Kámẹ́rà ńkọ́? Ní Salisbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2018, wọ́n fi májèlé sí ọwọ́ ilẹ̀kùn Sergei Skripal, ọ̀gá ológun Rọ́ṣíà tó ta àṣírí fún Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Kámẹ́rà ran ọlọ́pàá lọ́wọ́ láti tọpa àwọn tí wọ́n fura sí, àmọ́ lẹ́yìn tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ni.

Àtakò tó le jù ni ti ọ̀pọ̀ èrò. Ìkànìyàn 2006 ka iye tó ju mílíọ̀nù kan lọ ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, ta ni yóò wá mọ ta ni? Ẹ wo ẹni tó fẹ́ gba yàrá kan ní Ìgàndò níbẹ̀. Ajẹ́ǹtì á béèrè iṣẹ́ rẹ̀, lánlọ́ọ̀dù á béèrè oníduùró. Bó bá wọlé tán, mítà kan náà ni gbogbo ilé ń dáwó rẹ̀, omi kan náà ni wọ́n ń tò fún. Ọkùnrin tí kì í lọ síbi iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í wá kí, tí kì í sì í jà sí owó iná, ìyẹn gan-an ni wọ́n máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní Alímọ̀ṣọ́, Ìkòtún nìkan ni mo rò pé ó lè gbà á fúngbà díẹ̀, nítorí àjèjì láti ilẹ̀ òkèèrè ti ń wá sí ìjọ tí wòlíì T. B. Joshua dá sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èdè tó ṣàjèjì kì í sì í ya wọn lẹ́nu. Ibẹ̀ ni kí òǹkọ̀wé fíìmù wa fi amí rẹ̀ sí. Kó má wulẹ̀ rán ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS sí i: kíátékà tó wá gba owó iná ti tó.