Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí orin Manigri tó dé orí rédíò

"Audio 003." Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ máa ń bá lára orin tí wọ́n gbé wá lórí fláàṣì nìyẹn. Ta ni yóò wá pè lórí afẹ́fẹ́? Olórin Nago láti Manigri, tàbí ti Anii láti Bassila, ní Benin, ní láti kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti orin sára fáìlì, kó sì kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí bébà.

Sítúdíò olówó ńlá kọ́ ni gbogbo nǹkan. Láyé 1970 sí 1979, Nagra, ẹ̀rọ onítéèpù láti Switzerland, ni wọ́n fi gba púpọ̀ nínú orin ẹgbẹ́ olórin Orchestre Poly-Rythmo ti Kútọnu sílẹ̀. Yàrá tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri rẹ̀, tí wọ́n sì pa fáànù ibẹ̀, tó fi bẹ̀rẹ̀. Ooru á kàn mú àwọn olórin díẹ̀ ni.

Kí orin tó jáde, ó yẹ kó ti wà lákọsílẹ̀ ní BUBEDRA, àjọ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ àwọn olórin ní Benin.

Rédíò nìkan kọ́ ló ń gbé orin kiri; àwọn awakọ̀ ńkọ́? Ọ̀nà Savalou sí Djougou gba Manigri àti Bassila kọjá. Orin tó bá wọnú ọkọ̀ wọn ti rìn jìnnà kí rédíò tó gbé e.